Ta Ni Yóò Dúró fún Wọn? Ọjà Títà àti Iṣẹ́ Wíwá ní Ayé Sóṣíà Mídíà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Obiagu, ní ìlú Enúgu

Àwọn onílé wa, àwọn ọmọ Ìgbò tí wọ́n ni ilẹ̀ yìí, gbà wá sí Obiagu títí ọmọ wa fi ń bá ọmọ wọn ṣeré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, tí àwọn ìyàwó ilé wa sì fi ń fi èdè wọn ná ọjà láìkọsẹ̀. Ẹ ní kí n wá sí Enúgu, ìlú èédú, ìlú orí òkè, kí n wá fi èdè abínibí wa sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ń dùn mọ́ ọmọdé tí ó sì ń da àgbà lọ́kàn rú.

Ẹ ní kí n sọ bí sóṣíà mídíà ṣe ń yí ọjà títà àti iṣẹ́ wíwá padà. Ọ̀rọ̀ fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti ayébáyé, kì í rọrùn fún ènìyàn láti ra ọjà olówó gọbọi lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, tàbí láti gba ẹni tí kò mọ̀ síṣẹ́, láìjẹ́ pé ẹnì kan dúró ní àárín àwọn méjèèjì tí ó sọ pé, "Mo mọ̀ ọ́n, bí ó bá ṣe ohun tí kò yẹ, èmi ni kí ẹ bi." Ẹni náà ni à ń pè ní onídùúró. Sóṣíà mídíà ti mú un kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kò sì fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Bí àwa fúnra wa kò bá wá ẹni tí yóò gba ipò náà, ọ̀nà tí à ń yọ̀ pé ó là ni àwọn ọmọ wa yóò gbà já sínú ọ̀fìn.

Ẹ jẹ́ kí a ti ìlú tí a wà yìí bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1909 ni àwọn òyìnbó rí èédú ní àyíká Údi, nítòsí ibí. Ní 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Nígbà tí yóò sì fi di 1916, ojú irin ti so Enúgu mọ́ Port Harcourt. Iṣẹ́ dé, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà wọ inú rẹ̀ há. Olóyè Onyeama ti Eke, ẹni tí ìjọba amúnisìn fi ìwé àṣẹ gbé ka ipò, wà lára àwọn tí ń kó ènìyàn fún àwọn tí ń wa èédú. Ẹni tí olóyè bá nawọ́ sí, ìbáà fẹ́, ìbáà kọ̀, abẹ́ ilẹ̀ ni yóò lọ. Nígbà tí ó ṣe tí àwọn ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ ara wọn wá iṣẹ́ náà, ọwọ́ àwọn ọ̀gá kéékèèké tí ń darí òṣìṣẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ wà, àwọn awakùsà sì ké léraléra pé ẹni tí kò bá fi nǹkan há wọn lọ́wọ́ kì í rí iṣẹ́ gidi ṣe. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ojú irin àti iṣẹ́ ìjọba gbé dé ìhà ibí náà kò gba ọ̀nà mìíràn: ẹni tó ti ṣáájú ni yóò kọ lẹ́tà sílé pé àyè ṣí, ilé rẹ̀ ni ẹni tó bá dé yóò sùn, òun náà ni yóò sì fa ọmọ náà lọ́wọ́ dé iwájú ọ̀gá.

Ojú méjì ni onídùúró yìí ní. Ojú kan dára, nítorí pé bí ọmọ tí ó mú wọlé bá jalè tàbí tó bá ya ọ̀lẹ, ojú tirẹ̀ ni yóò tì. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í sinmi ìkìlọ̀, tí ọmọ náà kì í sì í fẹ́ dójú tì í. Ojú kejì burú, nítorí pé ẹni tí kò lẹ́nìkan, bó ti wù kí ó mọṣẹ́ tó, ìta ni yóò wà. Ẹni tó sì di ẹnu ọ̀nà mú lè sọ ọ́ di ibi tí a ti ń gba owó òde. Ènìyàn laṣọ mi, ni àwọn baba wa wí, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ènìyàn, ìhòhò ni ọ̀rọ̀ náà fi í sí.

Bí iṣẹ́ ti rí ni ọjà rí. Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù ní ìlú yìí yóò gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tí wọ́n ru oúnjẹ gbígbóná tí à ń pè ní okpa, tí wọ́n ń ké "Okpa di ọkụ!" láti òpópónà dé òpópónà. Igbe wọn ni ìpolówó, ojú wọn ni onídùúró. Oníbàárà mọ ẹni tí ń ta okpa fún òun, ó mọ ọ̀nà tó ń gbà wá. Bí olókpa bá sì ta èyí tó ti kan fún un lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, àdúgbò yóò ti gbọ́. Nígbà tí Henry Townsend tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859 ní Abẹ́òkúta, ìlú abẹ́ Olúmọ, ìkéde bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ibi tí ohùn ènìyàn lè dé; nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn ní 1959, tí ó sì dé Enúgu yìí ní 1960, àwòrán ọjà wọ inú yàrá wa lọ. Ṣùgbọ́n owó ńlá ni a fi ń ra ìṣẹ́jú kan lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ń pọn bíà àti èyí tí ń ṣe ọṣẹ lè rà á. Olókpa kò lè rà á.

Ohun tí sóṣíà mídíà wá ṣe ni pé ó fi ohùn tẹlifíṣọ̀n lé olókpa lọ́wọ́. Fóònù alágbèéká tàn kálẹ̀ ní Nàìjíríà láti 2001. Facebook bẹ̀rẹ̀ ní 2004, WhatsApp ní 2009, Instagram ní 2010. Ká tó ṣẹ́jú, ẹnikẹ́ni tó bá lè ra dátà ti di oníkéde. Ẹ wo aránṣọ kan tí ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo nínú yàrá ní Obiagu. Ó rán aṣọ ìgbéyàwó kan tán, ó yà á ní fọ́tò. Kò ya iwájú rẹ̀ nìkan, ó yí inú aṣọ náà síta kí ènìyàn lè rí bí ojú rírán ṣe gún tó, bí aṣọ ìtẹ́nú ṣe dúró láìkákò. Ó gbé e sí orí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp rẹ̀, níbi tí yóò wà fún wákàtí 24 kí ó tó pòórá. Ẹnì kan rí i ní Àbújá, ó fi ìwọ̀n ara rẹ̀ ránṣẹ́, ó san ìdajì owó sí báǹkì. Lọ́jọ́ tí aṣọ parí, aránṣọ gbé e lọ sí gáréèjì ní Holy Ghost, ó fi wéébíìlì lé awakọ̀ lọ́wọ́, ó di Àbújá. Nígbà tí ọjọ́ Ajé sì di ọjọ́ títì ìlẹ̀kùn ní ìhà ibí ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, nítorí àṣẹ pé kí ará ìlú jókòó sílé, ẹni tí oníbàárà rẹ̀ wà lórí fóònù ni kò fi ọjọ́ náà ṣòfò pátápátá. Oore ńlá ni èyí, kò sì yẹ kí àgbà kankan fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Síbẹ̀, a kò gba ohùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́ bí a ti rò. Àwọn tó ni ojú òpó wọ̀nyí ń wo ohun tí a tẹ̀, ibi tí a ń gbé, ohun tí a pẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n sì ń fi ìmọ̀ náà ta àyè ìpolówó: ẹni tó bá sanwó lè ní kí wọ́n fi ọjà òun han kìkì àwọn obìnrin tó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún ní Enúgu, ọjà ẹni tí kò sanwó sì lè wà níbẹ̀ kí ojú má tó o. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ FCCPC tí ń dáàbò bo oníbàárà ní ilẹ̀ wa bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp, nítorí ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú ìmọ̀ nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Onílẹ̀ sì lè tilẹ̀kùn lójijì: láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin de Twitter, ẹni tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà níbẹ̀ sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín sínú ìwé tí ó jẹ́ tiyín.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló wúwo jù lọ́kàn mi. Ní 2009, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ti ìlẹ̀kùn kíláàsì, ọmọ ilé ìwé mẹ́ta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀ níbi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, Ayodeji Adewunmi, Olalekan Olude àti Opeyemi Awoyemi, dá Jobberman sílẹ̀, kí ọmọ tí kò mọ ẹnikẹ́ni lè rí ibi tí àyè iṣẹ́ ti ṣí. LinkedIn ti ń ṣe irú rẹ̀ kárí ayé láti 2003. Ọ̀nà tí àwọn ọ̀gá kéékèèké há mọ́ nígbà èédú wá gbòòrò, ọmọ tálákà sì lè fi ìwé rẹ̀ sí iwájú ọ̀gá kan náà pẹ̀lú ọmọ olówó.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbòòrò nìkan kò tó. Nígbà tí àjọ tí ń rí sí ìwọlé àti ìjáde ènìyàn ní ilẹ̀ wa fẹ́ gba òṣìṣẹ́ tí kò tó 5,000, àwọn tó fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lé ní 500,000, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì san 1,000 náírà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014, àjọ náà pè wọ́n jọ sí àwọn pápá ìṣeré, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Àbújá, Port Harcourt, Minna àti Benin. Nọ́ńbà lásán ni wọ́n jẹ́ níwájú àwọn tó pè wọ́n. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ wọn, kò sí ẹni tó dúró fún wọn.

Èyí tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀ ní Uyo, ní oṣù kẹrin ọdún 2021. Ọmọbìnrin kan tó kàwé gboyè, tí ó ń retí ìgbà tí yóò di àgùnbánirọ̀, kọ ọ́ sí orí Twitter pé òun ń wá iṣẹ́. Ẹnì kan tí kò mọ̀ rí dá a lóhùn pé kí ó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó sì lọ. Ohùn tí ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ibẹ̀ kò gùn ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Nígbà tí ọ̀rẹ́ náà pè é padà, igbe ni ó gbọ́. Ọ̀rẹ́ náà ké gbàjarè sí orí Twitter kan náà, àwọn tí kò mọ ọmọ náà láti ibikíbi sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ nọ́ńbà tí a fi pè é, títí ọwọ́ fi tẹ ẹni tó pa á. Ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún un ní 2022. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin èèyàn mi. Ibi tí ọmọ yìí ti wá iṣẹ́ ni apànìyàn ti rí i, ibẹ̀ náà ni àwọn tí yóò dúró fún un ti dìde. Wọ́n pọ̀, wọ́n gbọ́n, wọ́n yára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ikú ni wọ́n dé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ti béèrè kí ó tó jáde nílé pé, "Ta ni ẹni yìí? Níbo ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà? Ta ló mọ̀ ọ́n?", bóyá ì bá wà láàyè lónìí.

Nítorí náà, kí ni kí a ṣe? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọdé mọ fóònù. Àgbà mọ ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ojú lọ̀rọ̀ wà: ẹ fi ojú yín àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù yín hàn, ẹ kọ iye ọjà sí gbangba dípò kí ẹ máa fa oníbàárà lọ sí kọ̀rọ̀, ẹ má ṣe fi fọ́tò iṣẹ́ oníṣẹ́ pe oníbàárà, bí aṣọ bá sì bàjẹ́, ojú ibi tí ẹ ti polówó rẹ̀ ni kí ẹ ti tún un ṣe. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, lórí ayélujára sì rèé, ọjọ́ náà kì í pẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ wo bí àwọn onílé wa ṣe ń fi owó àti ọjà dá ọmọ ọ̀dọ̀ wọn sílẹ̀ lójú ẹbí, lẹ́yìn tí ó bá ti sìn wọ́n pé iye ọdún tí wọ́n jọ fọwọ́ sí. Àwa náà ń ṣe frídọ́ọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́ tó bá kọ́ṣẹ́ tán, a ń lu ìlù, a ń jẹ, a ń mu. Lọ́jọ́ náà, kí ọ̀gá dúró níwájú fóònù, kí ó dárúkọ ara rẹ̀, kí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ náà hàn, kí ó sì sọ pé òun ni ó kọ́ ọ, òun sì dúró fún un. Ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ yóò bá ọmọ náà dé Èkó, yóò bá a dé Lọ́ńdọ̀n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi iṣẹ́ tí ẹ lè ṣe hàn ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, kí ẹ sì rántí pé ẹni tí yóò gbà yín síṣẹ́ lè ka èébú tí ẹ bú ènìyàn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín kí ó tó fún yín níṣẹ́, ẹ sá fún un. Ẹ má ṣe dá nìkan lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni nílé kò mọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ kó kẹ́yìn, ọ̀dọ̀ ẹ̀yin àgbà ni mo gbé e wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ yan ènìyàn mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ yìí, ọkùnrin àti obìnrin, tí ọmọ èyíkéyìí lè mú ìwé ìpè iṣẹ́ tí ó rí lórí fóònù tọ̀ lọ: kí wọ́n pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà, kí wọ́n wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí wọ́n rán ènìyàn lọ wo àdírẹ́sì rẹ̀ bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì bá ọmọ náà lọ bí ibẹ̀ kò bá dá wọn lójú. Ẹ bá àwọn onílé wa sọ ọ́ kí wọ́n fi ènìyàn tiwọn kún un, nítorí àwọn ni wọ́n mọ ìlú jù wá lọ. Kí àwọn tí ẹ bá yàn má ṣe gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ kankan, nítorí ọjọ́ tí onídùúró bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó òde ni ó di ọ̀gá kékeré ìgbà èédú padà. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí a má ṣe tú ká láìtíì kọ orúkọ àwọn ènìyàn mẹ́ta náà sílẹ̀.

Kí Olódùmarè bá wa wo àwọn ọmọ wa, kí ó sì fún àwa náà lágbára láti dúró fún wọn.