Àpò Ẹ̀wà Kan fún Ènìyàn Mẹ́fà
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa)

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ òru dé, ẹ kú àìsùn. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ pa ọkọ̀ tì kí ẹ tó wá, ẹ ṣeun. N kò ní pẹ́.

Ní ọdún 1981, náírà 125 ni òfin sọ pé owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ kéré sí. Ní 2024 wọ́n sọ ọ́ di 70,000. Ẹni tí kò ná ọjà rí yóò ní a ti di olówó. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí a bá pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, kò tó 2,400 lójúmọ́. Bí ẹ bá jẹ́ márùn-ún nílé, kò tó 480 fún ẹnì kan, a kò sì tíì san owó ilé, a kò tíì wọ ọkọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún wa pé a kò mọ owó ná. Owó náà ni kò tó, ìjà rẹ̀ kò sì tíì parí.

Ṣùgbọ́n ebi kò ní dúró de ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá yóò bá wa jókòó.

Ohun tí mo rí nìyí: àwa tí owó wa kéré ni oúnjẹ ń wọ́n fún jù. Ẹni tó ra ẹ̀wà ní àpò rà á ní pọ́ọ́kú ju ẹni tó ra kóńgò lọ. Ẹni tó ń fi ife rà á lójoojúmọ́ ló ń san jù. Kóńgò mìíràn tún wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń tajà, ẹ má bínú, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni.

Bí owó bá tán, gàrí ni à ń sá bá. Gàrí ń yó ni, àmọ́ nínú gíráàmù 100 rẹ̀, èyí tó ń mú ara ọmọ dàgbà kò ju nǹkan bíi gíráàmù 1 lọ. Ti ìrẹsì tó nǹkan bíi 7. Ti ẹ̀wà gbígbẹ ju 20 lọ. Ẹ̀wà, ẹja ṣawa díẹ̀, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti epo pupa: kò sí èyí tó jẹ́ oúnjẹ òyìnbó níbẹ̀. Epo tí a kò jó di funfun dára fún ojú. Ẹ̀yin awakọ̀ òru, ẹ gbọ́ o.

Ní ẹ̀ka iṣẹ́ tiwa, àwa mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó ra àpò ẹ̀wà kan lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí ẹ̀wà tuntun bá ti Òkè Ọya dé. Lákọ̀ọ́kọ́, díẹ̀ ló kù kí a jà. Ẹnì kan ní kóńgò tòun kò kún. Nígbà kejì a yá òṣùwọ̀n oníkìlò, a wọ̀n ọ́n níṣojú gbogbo wa, ariwo bá tán. Kòkòrò jẹ tèmi lọ́dún náà. Aládùúgbò kan ní kí n fín oògùn apakòkòrò sí i. Mo ní ká má rí i. Oògùn tó ń pa kòkòrò nínú oúnjẹ lè pa ẹni tó jẹ ẹ́. Nísinsìnyí, a ń sá a sóòrùn kó gbẹ, a ń dì í sínú ọ̀rá méjì tó nípọn, a ó so ó pinpin kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé. Kòkòrò inú rẹ̀ á kú fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dara pọ̀, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ aṣojú ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀ kí a tó gbowó oṣù. Òṣùwọ̀n wà, kí kálukú mú àpò tirẹ̀ wá. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń gba Bódìjà kọjá, àyè lẹ́yìn ọkọ̀ yín ni a ń wá. A óò dáwó epo.