Ilẹ̀ Mọ́ Lójú Omi: Ìmọ́lẹ̀ àti Ibòòji nínú Ilé Onípákó ní Ìwáyà

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo fẹ́ sọ, bẹ́ẹ̀ ni èmi kì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà, n kì í sì í ṣe ayàwòrán-ilé. Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n kí a tó kan pákó àkọ́kọ́ mọ́ òpó, a ti fi ẹnu kọ́ ilé náà ná, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń fi èdè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú.

Yorùbá a máa wí láràárọ̀ pé ilẹ̀ mọ́. Bí ó bá di alẹ́, a ní ilẹ̀ ṣú. A kì í sọ pé ọ̀run ni ó mọ́. Ojú ilẹ̀ ni a ti ń dá ojúmọ́ mọ̀. Ilé àtijọ́ wa bá èdè yìí mu. Nínú agbo ilé, àgbàlá ni ìmọ́lẹ̀ ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Láti àgbàlá ni ó ti ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí agbára rẹ̀ a sì rọ̀. Ìba tí ó bá ṣẹ́kù ni ó ń dé inú yàrá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àgbà ń jókòó sí, níbẹ̀ ni a ti ń gba àlejò tí a sì ti ń parí ìjà. Yàrá ṣókùnkùn nítorí pé oorun àti ohun ìpamọ́ ni a fi í ṣe. Ẹni tí ó bá wo yàrá náà nìkan tí ó sì sọ pé àwọn baba wa kò mọ iyì ìmọ́lẹ̀, ojú ìwé kan péré ni ó kà nínú ìwé náà.

Èdè wa tún ya òjìji sọ́tọ̀ kúrò lára ibòòji. Òjìji ní olúwa rẹ̀: ti ènìyàn ni tàbí ti igi, ó sì ń tẹ̀ lé e kiri. Ibòòji kì í tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Àwa ni a ń wá a lọ, tí a ń wọ abẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ ilé kékeré ni pé kí ó sọ òjìji ara rẹ̀ di ibòòji fún àwọn tí ń gbé inú rẹ̀.

Ǹjẹ́ báwo ni ilẹ̀ ṣe ń mọ́ níbi tí kò sí ilẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àwàdà. Ní etí ọ̀sà Ìwáyà àti Mákòókó, láti ìran dé ìran ni àwọn Ègùn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ wá láti Àgbádárìgì àti orílẹ̀-èdè Benin, ti ń kọ́ ilé onípákó sórí òpó nínú omi. Ìlà-oòrùn ni ọ̀sà wà sí wọn. Bí oòrùn bá yọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń lu ògiri: ó ń ti ojú ọ̀run wá, ó sì tún ń ti ojú omi tí ó dá a padà wá. Ìmọ́lẹ̀ kejì yìí ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, etí òrùlé kò sì lè dí i, bí ó ti wù kí ó gùn tó. Ó ń gba àlàfo àárín pákó tí a tẹ̀ wọlé, a sì máa jó lábẹ́ páànù. Ní ilé orí omi, ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ gan-an jẹ́ fèrèsé.

Èkó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán gangan a dúró sí àtàrí wa ní tòótọ́, òjìji òpó a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ mọ́ ìdí òpó. Ní oṣù Kẹfà, apá àríwá ni ó ń ti tàn lọ́sàn-án. Ní oṣù Kejìlá, apá gúúsù ni. Etí òrùlé tí ó yọ síta dáadáa tó fún méjèèjì. Oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ni ó ṣòro, nítorí pé wọ́n rẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tí ó gùn nínú ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí fèrèsé wà níbẹ̀, kí atẹ́gùn tí ń ti òkun wá láti gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn lè rí ọ̀nà gbà. Ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn, kí a fi ìkẹ́rù sí i. Ṣùgbọ́n ẹnu-ọ̀nà ńkọ́? Ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí ni ẹnu-ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà, ibẹ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ ti ń ṣe ojú ní bàìbàì jù lọ. Níbẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ padà wá: kí a fẹ pèpéle onípákó iwájú ilé sí i, kí a bò ó lórí, kí a fi ẹní tàbí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe aṣọ fún un. Èéfín ẹja yíyan a máa sọ pákó inú ilé di dúdú, ògiri dúdú a sì máa gbé ìmọ́lẹ̀ mì; nítorí náà kí a fi ẹfun kun ògiri kan ṣoṣo, èyí tí ó dojú kọ ẹnu-ọ̀nà.

Ní ọdún 1933, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Japan, Jun'ichirō Tanizaki, kọ àròkọ kan tí ó fi yin òjìji inú ilé onígi ilẹ̀ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ràn rẹ̀, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, òkùnkùn ẹni tí ó lè tan iná nígbà tí ó bá wù ú ni ó ń yìn. Obìnrin tí ń tún àwọ̀n ṣe nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kan ògiri ẹlòmíràn kò yan òkùnkùn. Wọ́n fi í sínú rẹ̀ ni.

Ẹ ó rántí ilé-ẹ̀kọ́ tí ń léfòó tí Kúnlé Adéyẹmí àti iléeṣẹ́ rẹ̀, NLÉ, kọ́ sí Mákòókó ní 2012 sí 2013: ilé onígun mẹ́ta, alájà mẹ́ta, tí a gbé ka orí àgbá onírọ́bà. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ṣe é ṣí tí ó ṣe é pa ni wọ́n fi ṣe ara kíláàsì rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ fi ń kán wọlé díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2016, lẹ́yìn òjò ńlá, ó wó. Àwọn ọmọ ti kúrò nínú rẹ̀ ṣáájú. Ní ọdún yẹn kan náà, irú rẹ̀ tí wọ́n kọ́ sí Venice gba Kìnnìún Onífàdákà níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ìyàwòrán-ilé. Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín. Èmi kò bá wọn rín in, nítorí pé ohun tí ó ṣe fún ìmọ́lẹ̀ tọ̀nà. Dídè tí a de igi mọ́ igi ni ìbéèrè tí ó kù.

Ní oṣù Keje ọdún 2012, wákàtí 72 ni ìjọba fún àwọn ará etí omi Mákòókó láti kúrò, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé wọn. Mo mú èyí wá nítorí pé ó kan fèrèsé. Ẹni tí ó bá ń retí ọdún mẹ́wàá lórí omi yóò jókòó wo ibi tí oòrùn ń gbà ní oṣù Kẹfà àti ní oṣù Kejìlá kí ó tó fi ayùn kan ògiri. Ẹni tí ó bá ń retí wákàtí 72 yóò kan pákó rẹ̀ ní odindi láì ṣí ojú kankan sí i, nítorí pákó tí a kò gé ni ó rọrùn jù láti tú, kí a sì kó sínú ọkọ̀.