Ọ̀rọ̀ Eékún: Ohun tí Akọ̀wé Bá Ẹgbẹ́ Sọ



Iṣan líle ló so eegun itan mọ́ ojúgun. Bí ẹsẹ̀ bá yí pẹ̀lú ẹrù lórí, iṣan yẹn lè já. Ó ṣe Asisat Oshoala agbábọ́ọ̀lù ní Mòrókò ní July 2022. Ó gba ìtọ́jú, ó sì padà sórí pápá.

Bó bá ṣe wá, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ fi aṣọ wé áìsì, ẹ gbé e lé eékún fún 20 ìṣẹ́jú, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹ má fi omi gbóná jó o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á. Bó bá dún "pọ́", tó wú kíákíá, tàbí tí ẹ ò lè tẹ̀ ẹ́, Ìgbóbì ò jìnnà sí wa. Ọjà ọjọ́ méjì ṣeé pàdánù. Ẹsẹ̀ ò ṣeé rà.

Kó má bàa ṣe wá, ẹ jẹ́ ká pe alábàárù, ká bo gọ́tà iwájú ìsọ̀, ká wọ bàtà pẹlẹbẹ. Lórí àga, ẹ na ẹsẹ̀ kan, ẹ ka 10, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá: itan tó lágbára ló ń gbé eékún ró.

Ajé á wọlé o.