Omíyalé Ọ̀gùnpa àti Igbó Etí Odò

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, gbogbo òjò tí ó ń bọ́ sórí òrùlé páànù pípọ́n ìlú wa, láti orí òkè Mápó títí dé Bẹ́rẹ̀, odò Kúdẹtì àti odò Ọ̀gùnpa ni ó ń ṣàn lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ọ̀gùnpa kún àkúnya, ó wó ilé, ó sì gbé ènìyàn tí ó lé ní 200 lọ. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba fi kọnkéré tẹ́ ojú odò náà, ó sì ṣeun. Ṣùgbọ́n kọnkéré kì í mu omi, ńṣe ni ó ń lé e sáré lọ bá ará ìsàlẹ̀. Igi àti àbàtà ni ó ń fa omi mu, tí ó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá: bí a ti ń kó pàǹtí inú gọ́tà, ẹ jẹ́ kí a gbin igi padà sí etí Ọ̀gùnpa láti Àgodi wá, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ́lé sínú àbàtà mọ́.