ILÉ-Ẹ̀KỌ́ WO NI ỌMỌ RẸ TI JÁDE?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí rédíò nínú oṣù Ramadan, kí àsìkò ìṣínu tó tó)

  

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ wà nídìí rédíò ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Èmùré, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń ti oko bọ̀, ẹ fetí sílẹ̀.  

Mo mọ̀ pé ní irú àsìkò yìí, ọkàn ẹlòmíràn ti wà lọ́dọ̀ ìkòkò ẹ̀kọ àti àkàrà. N ò ní pẹ́. Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa ohun tí ń ba àwẹ̀ jẹ́. A ti sọ ìyẹn ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé, àti iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe jẹun.

Ìyá kan wá bá mi lẹ́yìn ìrun Asri ní ọjọ́ kejì àwẹ̀. Èmùré ni ó ti wá. Ó ní, "Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá bàbá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀." Ọmọbìnrin wọn ti ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kínní àti lẹ́ẹ̀kejì, máàkì rẹ̀ kò tó èyí tí Ifẹ̀ ń gbà. Lẹ́ẹ̀kẹta, yunifásítì tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́ níhìn-ín fún un láyè láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nínú ìmọ̀ ìṣirò. Inú ọmọ dùn. Bàbá ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ó ní ta ni yóò gba ẹni tó jáde ní Ìkẹ́rẹ́ síṣẹ́, nígbà tí àwọn tó jáde ní Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ṣì ń wá iṣẹ́ kiri? Ó ní kí ọmọ jókòó, kí ó tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá náà ń sunkún. Ó ní ọmọ náà kò jẹ sàárì dáadáa mọ́.

Ẹ̀yin ará mi, mi ò fẹ́ kí á kọ́kọ́ bá bàbá yìí wí. Ohun tí ó ń bẹ̀rù kì í ṣe irọ́ pátápátá. Alfa tí ó bá dé orí rédíò tí ó ní orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kò já mọ́ nǹkan kan, ẹ bi í léèrè ibi tí ó fi ọmọ tirẹ̀ sí. Orúkọ ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Bí ìwé ìwáṣẹ́ bá kún orí tábìlì ọ̀gá, tí kò sì mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kọ ọ́, kí ni yóò fi ṣà wọ́n? Orúkọ ilé-ìwé ni yóò kọ́kọ́ wò. Ìjọba pàápàá ń ṣe é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ẹni tí ó ní dìgírì yunifásítì a bẹ̀rẹ̀ ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 08, ẹni tí ó ní HND láti pólì a bẹ̀rẹ̀ ní 07. Kò tán síbẹ̀ o. Ẹni tó ní HND á máa gòkè, á gòkè, á dé lẹ́fẹ́ẹ̀lì 14, á bá ògiri, àfi bí ó bá padà lọ gba ìwé mìíràn. Àwọn méjèèjì lè wà ní ọ́fíìsì kan náà, kí ó sì jẹ́ ẹni tó ti pólì wá ló ń kọ́ ìkejì rẹ̀ níṣẹ́. Àwọn ọmọ wa tó jáde ní pólì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Adó mọ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ. Ariwo rẹ̀ ti pẹ́ nílé aṣòfin ní Abuja.

Ẹ tún rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kútọnu. Akọ̀ròyìn kan láti ìwé ìròyìn Daily Nigerian gba dìgírì ní yunifásítì kan níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì fi ìwé náà wọ NYSC. Nígbà tí ìròyìn yẹn jáde, ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba wa dá yíyẹ ìwé-ẹ̀rí tó ti Benin àti Togo wá wò dúró. Ẹ wo ìyà tí ó jẹ àwọn ọmọ tí wọ́n lọ kàwé níbẹ̀ tọkàntọkàn! Ẹni tó ra tirẹ̀ àti ẹni tó fi òru ka tirẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ẹni tó ń yẹ ìwé wò.

Nítorí náà bàbá, òótọ́ lẹ sọ, orúkọ ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ ẹnu-ọ̀nà ni. Nígbà tí ènìyàn bá ti wọlé, tí wọ́n gbé fáìlì síwájú rẹ̀, tí wọ́n ní kó kọ lẹ́tà ojú ìwé kan péré, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kò ní bá a kọ ọ́. Ọmọ tí ó ra ìdáhùn látìgbà WAEC títí dé àṣekágbá, Ifẹ̀ kò lè gbà á lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn aṣáájú wa ti ń gba ènìyàn síṣẹ́. Lẹ́yìn tí Ànábì (S.A.W.) ti fi ayé sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n há Àlùkùránì sórí kú sí ogun Yamama. Kálífà Abubakar fẹ́ ẹni tí yóò kó Àlùkùránì jọ sójú kan. Iṣẹ́ wo ló tún tóbi tó ìyẹn? Àwọn sàhábé àgbà wà nílẹ̀, àwọn ọmọ Mọ́kà tí wọ́n ti tẹ̀lé Ànábì láti ìbẹ̀rẹ̀. Zaid ọmọ Thabit ni ó ránṣẹ́ pè, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Mọ̀dínà. Bukhari gba ìtàn náà wá fún wa. Ohun tí Abubakar wò lára rẹ̀ ni pé ọ̀dọ́ ni, ó ní làákàyè, wọn kò mọ àbùkù kan mọ́ ọn, ó sì ti máa ń kọ ìṣípayá sílẹ̀ fún Ànábì tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ orí, ọpọlọ, ìwà, àti iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe rí. Zaid yìí kan náà ni Ànábì ní kí ó kọ́ ìwé àwọn Yẹhúdì, tí ó sì fi bí ìdajì oṣù mọ̀ ọ́n.

Bákan náà nínú Súrà Al-Qasas, ẹsẹ 26, ọmọbìnrin tí ó ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí Ànábì Musa, agbára iṣẹ́ àti ìfọkàntán ni ó tọ́ka sí lára ẹni tó yẹ kí a gbà síṣẹ́. Àjèjì ni Musa nígbà náà. Kò sí ẹni tí yóò jẹ́rìí rẹ̀. Omi tí ó bá wọn fún ẹran ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ má sọ pé ayé àtijọ́ nìyẹn. Adó kò jìnnà sí wa. Olóyè Afẹ́ Babalọlá tí wọ́n bí ní Adó ní 1929, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Emmanuel ni ó lọ. Kò wọ ilé-ìwé girama kankan. Fúnra rẹ̀ ni ó ń kàwé, títí ó fi gba ìwé-ẹ̀rí Kémbíríìjì, tí ó sì gba dìgírì Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù nínú ètò ọrọ̀-ajé, kí ó tó wá kọ́ ìmọ̀ òfin. Ní 1963 ó di lọ́yà, ní 1987 ó di SAN. Ní 2009 ó dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin tí kò wọ girama ni àwọn ènìyàn ń san owó gọbọi báyìí kí orúkọ rẹ̀ lè wà lórí sátífíkéètì ọmọ wọn! Ẹ̀rín máa ń pa mí bí mo bá rántí rẹ̀.

Níhìn-ín ní Ìkẹ́rẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ àgbẹ̀ tí wọ́n bí ní 1947, Amoye Grammar School ìlú wa ni ó lọ. Òótọ́ ni pé ó padà lọ sí Ìbàdàn, ó lọ sí Leeds, ó lọ sí Kánádà. Ẹ má fi mí pe òpùrọ́. Ṣùgbọ́n kò jókòó sílé de ilé-ìwé olórúkọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Jíjókòó sílé yìí gan-an ni mo ń bá jà. Àwa Mùsùlùmí, ó yẹ kí ó yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn bàbá wa kan kò fi ọmọ sílé-ìwé rárá, nítorí pé ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì ló pọ̀ jù nígbà náà. Wọ́n ń bẹ̀rù pé Sunmọ́nù á lọ láàárọ̀, Sámúẹ́lì á dé lálẹ́. Ẹ̀rù tó nídìí ni, ohun tó sì mú kí wọ́n dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923 kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n kí ilé-ìwé tiwa tó dé ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, àwọn ọmọ tí wọ́n ní kí wọ́n dúró ti dàgbà. Christ's School ti wà ní Adó láti 1933. Ẹ̀yin náà mọ irú àwọn ènìyàn tó ti ibẹ̀ jáde.

Mo ní ẹ̀bi tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, rí àyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni kan nígbà èwe wa. Èmi ni mo ní kí ó má lọ. Mo ti jáde ní yunifásítì olórúkọ, mo ń fẹ̀ kiri. Mo ní kí ó dúró kí ó gba irú tèmi. Ó dúró ọdún mẹ́rin. Lọ́dún kejì, ó ṣì ń kàwé. Lọ́dún kẹta, ó ń tẹ̀lé àwọn awakọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Lọ́dún kẹrin, kò ṣí ìwé mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ rí àyè lọ́jọ́ náà di ọ̀gá ilé-ìwé kí ó tó fẹ̀yìn tì. Àbúrò mi kò bínú sí mi rí, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Bí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ ṣe ìdánwò, èmi ló ń pè pé kí n wá ṣàlàyé ìwé fún un.

Kí wá ni kí bàbá bèèrè? Kí ó bèèrè bóyá ìjọba mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà: NUC fún yunifásítì, NBTE fún pólì, NCCE fún kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Kí ó má wo ilé-ẹ̀kọ́ lápapọ̀ nìkan, kí ó bèèrè ẹ̀ka tí ọmọ fẹ́ wọ̀ gan-an. Bí ó bá jẹ́ òfin, nọ́ọ̀sì tàbí ìṣègùn, ìyẹn le jù: àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó ka owó ọwọ́ rẹ̀. Mo mọ bàbá kan tó ta oko kòkó nítorí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó lórúkọ. Ọ̀kan kàwé, àbúrò rẹ̀ mẹ́ta kò rí owó WAEC san.

Ilé-ẹ̀kọ́ Ìkẹ́rẹ́ tí bàbá ń kọ̀ yìí, College of Education ni a ń pè é látìgbà tí a wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí wọ́n tó dá Èkìtì sílẹ̀ ní 1996. Ní 2020, ìjọba sọ ọ́ di yunifásítì, wọ́n fi orúkọ olóògbé Bámidélé Olúmìlúà pè é, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó ṣe gómìnà Oǹdó láti 1992 sí 1993. Ilẹ̀ kan náà ni, orúkọ ló yí padà. Olùkọ́ tó gba NCE níbẹ̀ ní 1990 kò ní orúkọ yunifásítì lórí ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó kọ́ ní ìṣirò léèrè bóyá ó mọ̀ ọ́n kọ́.

Mo lọ sí Èmùré ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Bàbá náà gbà mí tọ̀yàyà. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan: "Alfa, bó bá jẹ́ ọmọ tiyín ńkọ́?" Mo sọ ọ̀rọ̀ àbúrò mi fún un. Ó dákẹ́ títí. Ó ní òun kò dé inú ilé-ẹ̀kọ́ náà rí, òun á lọ fi ojú òun rí i. Ní Sátidé, òun àti ọmọ jọ lọ. Kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ pè mí lánàá: ó ní bàbá ti ń bèèrè iye tí wọ́n ń gba owó yàrá ní Ìkẹ́rẹ́, àti pé ọmọ jẹ sàárì.

Ládàánì ti ń múra. Ẹ kú ìṣínu o.