OWÓ ỌKỌ, OWÓ AYA ÀTI ÀKÁǸTÌ ÀJỌNI

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti àwọn tọkọtaya)

  



Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun tàbí ààwẹ̀, síbẹ̀ inú ẹ̀sìn ni ó wà. Ọ̀rọ̀ owó láàárín ọkọ àti aya ni. Ní ayé àwọn bàbá ńlá, ọkọ ní oko rẹ̀, aya ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà. Ọkọ a máa fún aya ní owó ọbẹ̀, aya a sì máa dá àjọ tirẹ̀ lọ́dọ̀ alájọ. Lóde òní, ọkọ ń gba owó oṣù, aya pẹ̀lú ń gba owó oṣù, owó méjèèjì sì ń gba bánkì wọlé. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń múra àtiso yìgì ń béèrè ni pé: ṣé kí tọkọtaya da owó wọn pọ̀ sínú àkáǹtì kan ni, àbí kí olúkúlùkù fi tirẹ̀ pamọ́? Ta ni yóò san owó ilé? Ta ni yóò san owó iná? Àpò ta ni owó aṣọ ẹbí yóò ti jáde?

Ìsìláàmù kò pa á láṣẹ kí tọkọtaya ní àkáǹtì àjọni, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ̀ ọ́ fún wọn. Ohun tí ó pa láṣẹ ni pé kí ẹni tí ó ni owó máa jẹ́ ẹni tí ó ni ín, kí ẹni tí ẹrù wà lọ́rùn rẹ̀ má sì gbé e lé ẹlòmíràn lọ́rùn. Àkáǹtì àjọni kò yí ọ̀kankan padà nínú méjèèjì.

OHUN TÍ ṢẸRÍÀ FI LÉLẸ̀

Èkíní: ohun tí aya ní, tirẹ̀ ni. Nínú Suratun-Nisaai, aayah 4, Ọlọ́hun pa á láṣẹ kí wọ́n fún àwọn obìnrin ní sàdáàkì wọn, kò sì sí ohun tí ó tọ́ sí ọkọ nínú rẹ̀ mọ́ àyàfi èyí tí aya bá fi inú dídùn yọ̀ǹda. Bí owó tí ó ti ọwọ́ ọkọ wá bá lè di ti aya báyìí, mélòómélòó ni owó tí aya fi òógùn ojú ara rẹ̀ wá? Khadijah, ìyá àwọn onígbàgbọ́ òdodo, jẹ́ oníṣòwò pàtàkì ní Mẹ́kà, Ànábì sì ti bá a gbé ọjà rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Síríà kí ó tó fẹ́ ẹ. Nígbà tí ó fi owó rẹ̀ ti iṣẹ́ Ọlọ́hun lẹ́yìn, ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ni ó fi ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò fi dandan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan rò pé ọ̀làjú òyìnbó ni ó kọ́kọ́ fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ sí owó ara rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí obìnrin bá ti lọ́kọ, owó àti ẹrù rẹ̀ a di ti ọkọ rẹ̀ lábẹ́ òfin. Ọdún 1870 ni òfin kọ́kọ́ gbà pé owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, ó sì di ọdún 1882 kí òfin tó fún un ní ẹ̀tọ́ lórí dúkìá rẹ̀ ní kíkún. Ẹ̀tọ́ yìí ti wà lọ́wọ́ Mùsùlùmí obìnrin fún ohun tí ó lé ní 1,200 ọdún ṣáájú ìgbà náà.

Èkejì: ọrùn ọkọ ni ìnáwó ilé wà. Suratun-Nisaai, aayah 34, Suratul-Baqarah, aayah 233, àti Suratut-Talaaq, aayah 7, wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ṣe ẹ̀rí pé oúnjẹ, aṣọ àti ibùgbé jẹ́ ojúṣe ọkọ ní ìwọ̀n agbára rẹ̀. Bí aya tilẹ̀ lówó ju ọkọ lọ, ojúṣe náà kò kúrò níbi tí Ọlọ́hun gbé e sí. Nígbà tí Hind ọmọ Utbah fi ẹjọ́ ọkọ rẹ̀, Abu Sufyan, sun Ànábì pé kì í fún òun ní ohun tí ó tó òun àti ọmọ òun, Ànábì gbà fún un kí ó mú nínú owó ọkọ náà ìwọ̀n tí yóò tó wọn lọ́nà tí ó dára. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ kíyè sí i pé ìdájọ́ yìí kan ìhà méjèèjì. Ọkọ tí ó ní tí ó sì háwọ́ jẹ̀bi. Aya tí ó mú ju ohun tí ó tó lọ ti kọjá ààlà. Aya tí káàdì bánkì ọkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di àpò tí kò nídìí.

Ẹ̀kẹta: ohun tí aya bá ná sí ilé, àánú ni, kì í ṣe gbèsè. Zaynab, aya Abdullah ọmọ Mas'ud, lọ sí ẹnu ọ̀nà Ànábì láti béèrè bóyá ohun tí òun ń ná lórí ọkọ òun àti àwọn ọmọ òrukàn tí ń bẹ lọ́dọ̀ òun tó sàárà fún òun. Ó bá obìnrin mìíràn níbẹ̀ tí ìbéèrè kan náà gbé wá, Bilal sì bá wọn wọlé lọ béèrè. Èsì tí ó jáde ni pé láádá méjì ni tiwọn: láádá okùn ẹbí àti láádá sàárà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Bí ìnáwó náà bá jẹ́ ojúṣe aya tẹ́lẹ̀ ni, a kì bá tí pè é ní sàárà. Nítorí náà, ọkọ tí aya ń ràn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ dúpẹ́. Kò gbọdọ̀ gbà á bí ẹni tí ń gba owó orí.

Ọ̀NÀ MẸ́TA TÍ ÀWỌN TỌKỌTAYA Ń GBÀ

Àwọn kan da gbogbo owó pọ̀ sínú àpò kan. Ìfẹ́ hàn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí í ṣe tirẹ̀ mọ́. Bí aya bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ó di ẹni tí ń tọrọ nínú owó ara rẹ̀. Bí ọkọ bá fẹ́ ran àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, a di ìjà.

Àwọn kejì ya ohun gbogbo sọ́tọ̀ pátápátá. Èyí bá àṣà àwọn bàbá mu, ṣẹríà kò sì lòdì sí i. Àléébù rẹ̀ ni pé ọkọ kò mọ iye tí ó ń wọlé fún aya, aya kò mọ gbèsè tí ó wà lọ́rùn ọkọ, nígbà tí owó ilé-ìwé bá sì dé, olúkúlùkù yóò máa wo ojú ẹnìkejì.

Àwọn kẹta ní àpò mẹ́ta: ti ọkọ, ti aya, àti àkáǹtì àjọni fún ìtọ́jú ilé nìkan. Ọ̀nà yìí ni ó rọrùn jùlọ láti bá ìlànà ṣẹríà mu, bí wọ́n bá ṣe é pẹ̀lú àdéhùn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ọkọ ń gba ₦200,000 lóṣù, aya ń gba ₦120,000. Owó ilé tí wọ́n ń gbé, bí wọ́n bá pín in sí oṣooṣù, jẹ́ ₦50,000, oúnjẹ ₦70,000, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ₦30,000, iná àti gáàsì ìdáná ₦20,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦170,000. Ọkọ ni ó ni ẹrù yìí. Bí ó bá fi ₦140,000 sínú àkáǹtì ilé nítorí pé ó ní òbí àgbàlagbà tí ó ń tọ́jú, tí aya sì fi tinútinú sọ pé òun yóò máa fi ₦30,000 kún un, ilé ti tòrò. Yóò ku ₦60,000 lọ́wọ́ ọkọ, ₦90,000 lọ́wọ́ aya. Láti inú èyí ni olúkúlùkù yóò ti san owó ọkọ̀ tirẹ̀, owó fóònù tirẹ̀, owó ẹgbẹ́ tirẹ̀, aṣọ ẹbí tí ó wù ú, àti ọrẹ fún àwọn ẹbí tirẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò fi aṣọ ẹbí jẹ oúnjẹ ọmọ.

Àwọn àgbà ní: àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ aya, tàbí tí ó bímọ tí kò lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà kan, ₦30,000 rẹ̀ dúró níbẹ̀. Ọkọ kò lè pè é ní owó tí aya jẹ ẹ́.

BÍ IKÚ BÁ DÉ

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le jùlọ, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti sùn lọ. Ìwé tí tọkọtaya fọwọ́ sí ní bánkì ń sọ ẹni tí ó lè gba owó jáde. Kì í sọ ẹni tí ó ni owó náà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Bí ọkọ bá kú tí ₦2,000,000 wà nínú àkáǹtì àjọni, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ó kó o síbẹ̀ tán, tí kò fi ta aya lọ́rẹ, ogún ni gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tí ó wà láàyè ní ìpín, àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìpín, aya pẹ̀lú ní ìpín tirẹ̀. Aya tí ó sáré lọ gba gbogbo rẹ̀ nítorí pé bánkì gba ìfọwọ́sí rẹ̀ ti jẹ owó ọmọ òrukàn.

Òdìkejì rẹ̀ ni ó wọ́pọ̀ jù. Tọkọtaya kọ́ ilé kan ní ₦8,000,000. Aya mú ₦3,000,000 wá, ọkọ mú ₦5,000,000 wá, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ nìkan ni ó wà lórí ìwé ilẹ̀. Ọkọ kú, ó fi ọmọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àjọkọ́ ni, ìdá 3 nínú 8 ilé náà kì í ṣe ogún rárá. Ti aya ni. Lẹ́yìn náà ni yóò tún gba ìdá 1 nínú 8 lórí ₦5,000,000 tí ó kù, èyí tí í ṣe ₦625,000. Àpapọ̀ tirẹ̀ jẹ́ ₦3,625,000. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ tàbí ẹlẹ́rìí, wọn yóò pín gbogbo ilé gẹ́gẹ́ bí ti ọkọ, ₦1,000,000 ni yóò sì kàn án. Bí aya méjì bá ni ọkọ náà, wọn yóò pín mílíọ̀nù kan náà sí méjì. Bí ó bá jẹ́ pé awin ni owó aya, gbèsè ni, wọ́n gbọ́dọ̀ san án kí wọ́n tó pín ogún. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí? Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Kí àwọn ọ̀dọ́ sì mọ̀ pé kò sí ilé-ẹjọ́ ṣẹríà ti ìjọba ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Nínú àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ; Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ sì fi ẹsẹ̀ àṣà yìí múlẹ̀ nínú ìdájọ́ kan ní ọdún 1957. Obìnrin tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan lè pàdánù ìpín tí Ọlọ́hun fún un àti owó tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ TỌKỌTAYA ṢE

1. Kí wọ́n sọ ọ́ kí wọ́n tó so yìgì. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Kí ọkọ sọ agbára rẹ̀, kí aya sọ ohun tí ó fẹ́ yọ̀ǹda.

2. Kí wọ́n fún owó tí aya bá mú wá ní orúkọ: ọrẹ ni, awin ni, tàbí àjọṣe. Bí ó bá jẹ́ ọrẹ, kí ó má padà wá béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ ìjà. Bí ó bá jẹ́ awin tàbí àjọṣe, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, gẹ́gẹ́ bí Suratul-Baqarah, aayah 282, ti ṣe ìlànà rẹ̀ lórí gbèsè. Ìwé kíkọ kò túmọ̀ sí àìfọkàntánni.

3. Kí àkáǹtì ìtọ́jú ilé jẹ́ èyí tí ẹnìkọ̀ọ̀kan lè gba owó nínú rẹ̀ fún ohun tí wọ́n jọ fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ owó ilé kíkọ́ tàbí ilẹ̀ rírà, kí ìfọwọ́sí àwọn méjèèjì pé kí owó tó jáde.

4. Kí wọ́n yẹra fún àkáǹtì tí ń mú èlé wá. Láti ọdún 2012 tí báńkì Jaiz ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ọ̀nà ti ń là sí i fún ẹni tí ó fẹ́ sá fún èlé.

5. Nígbà tí sàká bá tó yọ, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣírò ìpín tirẹ̀ nínú àkáǹtì àjọni mọ́ owó ara rẹ̀. Nínú mazhab Maliki tí ó gbilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, a kì í da owó ọkọ àti ti aya pọ̀ kí ó lè pé òṣùwọ̀n. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó iye wúrà gíráàmù 85, tí ọdún sì yí i ká, yóò yọ ìdá 1 nínú 40.

6. Ọkọ tí ó ní ju aya kan lọ kò gbọdọ̀ fi àkáǹtì tí òun àti aya kan jọ ní ṣe ibi tí owó oúnjẹ aya kejì yóò ti máa jáde. Kí ó ya ti olúkúlùkù sọ́tọ̀, kí ó sì ṣe déédéé.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nítorí pé owó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé kan kò sọ pé kí tọkọtaya má jọ ṣe nǹkan papọ̀ mọ́. Kí ọkọ gbé ẹrù rẹ̀, kí aya ràn án lọ́wọ́ bí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ọkọ sì mọ rírì rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lọ sílé lónìí, kí ó mú ìwé àti kálámù, kí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ jókòó, kí wọ́n kọ ohun tí í ṣe ti ọkọ, ohun tí í ṣe ti aya, àti ohun tí wọ́n jọ ní, nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè tí wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí arísìkí gbogbo Mùsùlùmí, kí Ó fi ìfẹ́ àti ìkẹ́ sí àárín àwọn tọkọtaya, kí Ó má jẹ́ kí owó di ohun tí yóò tú ilé wọn ká. Aamiin.