Fóníò: Ọkà Kékeré Tó Ń Lé Ebi



Àwa ará Àjàṣẹ́, àgbàdo la mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní àríwá orílẹ̀-èdè wa, ní Atakora, ní agbègbè Boukoumbé, ọkà mìíràn wà. Fóníò ni orúkọ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, àwọn Haúsá ń pè é ní ácà, àwọn Yorùbá ń pè é ní sùúrù.

Koríko ni tẹ́lẹ̀. Àwọn ará àtijọ́ rí i pé hóró rẹ̀ ṣeé jẹ, wọ́n sì mú un wọ oko. Hóró rẹ̀ kéré gan-an: nǹkan bí 2000 ló wà nínú gíráàmù kan.

Kí ló dé tí wọn ò pa á tì? Nítorí ebi ni! Ẹ mọ ìgbà tí àká ti ṣófo, tí ọkà tuntun ò tíì gbó. Ìgbà yẹn ni fóníò ń dé. Èyí tó yá nínú rẹ̀ ń gbó láàárín oṣù 2 sí 3. Ó ń hù lórí ilẹ̀ tó ti ṣá. Ilẹ̀ tí omi ń dúró sí ni kò fẹ́.

Wọ́n á ro ilẹ̀, wọ́n á fọ́n irúgbìn, wọ́n á fi ilẹ̀ díẹ̀ bò ó. Tó bá gbó, wọ́n á fi dòjé gé e.

Iṣẹ́ àwọn ìyá ló wá kù. Wọ́n á gún un, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á tún gún un. Ó gba sùúrù lóòótọ́! Ní 1993, Sanoussi Diakité, ará Senegal, ṣe ẹ̀rọ tó ń bó èèpo rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lè dáwó ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún iyanrìn! Ẹ má pa á lórí ilẹ̀ lásán, ẹ tẹ́ ẹní. Kí ẹ tó sè é, ẹ dà á sínú igbá omi, ẹ rò ó díẹ̀díẹ̀, ẹ da omi àti ọkà sínú igbá kejì. Iyanrìn á kù sí ìsàlẹ̀. Ẹ ṣe é títí á fi mọ́.

A lè fi ṣe ọ̀kà, a lè fi ṣe ẹ̀kọ mímu fún ọmọ. Ní Togo, àwọn Akposso ń sè é pẹ̀lú ẹ̀wà lọ́jọ́ ọdún. Òun àti ẹ̀wà ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti mú ara le.

Ẹ̀yin ará, ọkà tí a ò jẹ mọ́, àgbẹ̀ á fi í sílẹ̀, irúgbìn rẹ̀ á sì parun. Ẹ má fojú kékeré wo hóró kékeré.

Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́:
Oṣù wo ni oúnjẹ ń wọ́n nílé yín?
Kí lẹ fi ń dúró de àgbàdo tuntun?